Bí ẹ ṣe máa ka ọ̀rọ̀ Faransé àti ilẹ̀ Ròmáníà ní sẹ́ńtúrì 19 kó lè yé yín yékéyéké

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn Yúróòpù, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ nǹkan lórí Napoleon Kẹta, olú ọba Faransé, tàbí ogun Crimea tí Rọ́ṣíà bá Ọ́tómánì, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà, ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ ẹ máa pàdé níbi tó pọ̀, pé Faransé ló ran àwọn ará Ròmáníà lọ́wọ́ tí wọ́n fi di orílẹ̀-èdè, torí pé ìbátan ni wọ́n, èdè Látìn ló bí èdè àwọn méjèèjì. Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìyókù máa dàrú mọ́ yín lójú, torí tẹ́ ẹ bá dé 1808 ẹ máa rí i pé Faransé yìí kan náà ló gbà kí Rọ́ṣíà kó gbogbo ilẹ̀ yẹn lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n mú ìbéèrè kan ṣoṣo dání, kí wọ́n máa bi ara wọn ní gbogbo déètì tí wọ́n bá kàn: ta ni Faransé fẹ́ dí lọ́nà lọ́dún yìí? Tẹ́ ẹ bá ti rí ìdáhùn yẹn, ẹ ti rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá máàpù, ti àtijọ́ ni o

Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Ròmáníà lórí máàpù 1800. Ilẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, Moldavia tí olú ìlú ẹ̀ jẹ́ Iași, àti Wallachia tí olú ìlú ẹ̀ jẹ́ Bucharest. Kálukú ní ọba tiẹ̀ àti òfin tiẹ̀, àmọ́ abẹ́ Súlútánì Ọ́tómánì, ìyẹn ọba ilẹ̀ Tọ́kì, ni wọ́n wà, òun ni wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún, òun náà ló ń fi ọba jẹ tó ń yọ ọba. Transylvania, níbi tí àwọn tó ń sọ èdè Ròmáníà pọ̀ sí náà, ọwọ́ Ọ́síríà ló wà, Faransé ò fi bẹ́ẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ẹ wá fara balẹ̀ wo ibi tí ilẹ̀ méjèèjì jókòó sí. Rọ́ṣíà wà ní ìlà oòrùn wọn, Ọ́síríà wà ní ìwọ̀ oòrùn, Ọ́tómánì wà lódìkejì odò Danube. Ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Istanbul, àárín wọn ló máa gbà kọjá. Ohun tó ń mú Faransé wo ibẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe òwò. Lẹ́yìn àdéhùn Adrianople ti 1829 láàárín Rọ́ṣíà àti Ọ́tómánì, tó tú òwò ibẹ̀ sílẹ̀, ọkà tó ń jáde ní èbúté Galați àti Brăila di púpọ̀ gan-an, ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dè ń jẹ lára ẹ̀ jù bí ọdún ti ń gorí ọdún, owó tí Faransé rí níbẹ̀ kéré. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ owó tàn yín lórí èyí.

Ẹ ṣọ́ra fún déètì àti orúkọ

Mi ò lè sọ eléyìí kó tó. Kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń lò ní Bucharest àti Iași nígbà yẹn, ti Julian àtijọ́ ni, ọjọ́ 12 ló fi wà lẹ́yìn èyí tí wọ́n ń lò ní Paris. Ọjọ́ tí wọ́n dìbò yan Alexandru Ioan Cuza ṣe ọba ní Bucharest, 24 January 1859 ni lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀, 5 February ni lọ́dọ̀ àwọn Faransé. Tẹ́ ẹ bá ka ìwé ìròyìn Bucharest pọ̀ mọ́ lẹ́tà kọ́ńsúlù Faransé, ìyẹn aṣojú ìjọba wọn níbẹ̀, láì ronú nípa èyí, ẹ máa rò pé ọjọ́ 12 lẹ́yìn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni kọ́ńsúlù tó gbọ́. Ẹ máa kọ déètì méjèèjì sílẹ̀ pọ̀, báyìí: 24 January/5 February.

Orúkọ náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ń wá nǹkan nínú ìwé Faransé ìgbà yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "Romania" ò ní mú nǹkan gidi wá fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1860. "Principautés danubiennes" ni kẹ́ ẹ tẹ̀, tàbí "Moldo-Valachie". Iași di "Jassy" lọ́wọ́ wọn, Galați di "Galatz", Cuza di "Couza", Brătianu di "Bratiano". Orúkọ tí àwọn Faransé ń pe ibẹ̀ gan-an lẹ máa fi rí ìwé wọn.

Ibi tí kọ́ńsúlù ti wọ ọ̀rọ̀

Ọdún 1774 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Rọ́ṣíà ṣẹ́gun Ọ́tómánì, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn Küçük Kaynarca, àdéhùn yẹn dè fún Rọ́ṣíà láyè láti máa gbẹnu sọ fún ilẹ̀ méjèèjì lọ́dọ̀ Súlútánì, ó tún fún wọn láyè láti ní kọ́ńsúlù. Rọ́ṣíà gbé tiẹ̀ dé Bucharest ní 1782, Ọ́síríà tẹ̀ lé e. Faransé pẹ́ kó tó dé, ìgbà tí wọ́n ti yọ ọba wọn lóyè tán, nígbà tí sẹ́ńtúrì 18 ń parí lọ, ni wọ́n tó fi èèyàn tiwọn síbẹ̀. Lórí ìwé, iṣẹ́ kọ́ńsúlù ni kó máa bójú tó àwọn oníṣòwò tó wá láti ìlú ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí oníṣòwò Faransé ò tó nǹkan níbẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń ṣọ́ Rọ́ṣíà, ó ń kọ ohun tó rí ránṣẹ́ sí Paris, ó dè ń bá àwọn boyar, ìyẹn àwọn olówó onílẹ̀ ibẹ̀, ṣọ̀rẹ́.

Báyìí ẹ gbé ìbéèrè wa wá síbi 1806 sí 1812, torí ibẹ̀ ló ti dán mọ́rán jù. Ní 1806 Rọ́ṣíà ni Napoleon Kìíní fẹ́ dí lọ́nà. Ó rán Ọ̀gágun Sébastiani lọ sí Istanbul ṣe ańbásádọ̀, òun ló ti Súlútánì Selim Kẹta títí tó fi yọ ọba méjèèjì lóyè, Constantine Ypsilanti ti Wallachia àti Alexandru Moruzi ti Moldavia, torí wọ́n ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ń ṣe fún. Inú bí Rọ́ṣíà, kí ọdún tó parí wọ́n ti kó ọmọ ogun wọlé, wọ́n dè mú Reinhard tó jẹ́ kọ́ńsúlù Faransé ní Iași àti ìdílé ẹ̀ lọ sí ilẹ̀ wọn. Ó di 1807, Napoleon àti Tsar Alexander, ọba Rọ́ṣíà, bára wọn mulẹ̀ ní Tilsit. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni Napoleon fẹ́ dí lọ́nà báyìí, ó nílò Rọ́ṣíà, ló bá gbà ní Erfurt ní 1808 pé kí Tsar máa mú Moldavia àti Wallachia lọ. Wọn ò bi ẹnì kankan tó ń gbébẹ̀. Ohun tó kó wọn yọ ni pé àárín àwọn méjèèjì tún dàrú, Rọ́ṣíà kánjú parí ogun ẹ̀ pẹ̀lú Ọ́tómánì ní Bucharest ní May 1812, Bessarabia, ìyẹn ìdajì Moldavia tó wà láàárín odò Prut àti Dniester, ni wọ́n rí mú. Ìrora Bessarabia yìí ò tán lára àwọn ará Ròmáníà títí wọ inú sẹ́ńtúrì tó tẹ̀ lé e, torí náà ẹ má fò ó.

Láàárín 1815 sí 1848, ẹ ya kọ́ńsúlù sọ́tọ̀ kúrò lára Paris

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé tí kọ́ńsúlù bá ti kọ nǹkan, wọ́n á ní "Faransé sọ pé". Rárá o. Lẹ́yìn 1829 Rọ́ṣíà ló ń pàṣẹ ní ilẹ̀ méjèèjì, Kiselyov ọ̀gágun wọn ló ṣàkóso ibẹ̀ títí di 1834, ìgbà tiẹ̀ ni wọ́n gbé òfin tí wọ́n ń pè ní Règlement organique kalẹ̀ ní 1831 àti 1832. Kọ́ńsúlù Faransé kan tó ń jẹ́ Billecocq dé Bucharest ní 1839, ó kórìíra ohun tí Rọ́ṣíà ń ṣe níbẹ̀, ó bá ọba Gheorghe Bibescu fa wàhálà gidi, lẹ́tà ẹ̀ ń gbóná bí iná. Kí ni Paris ṣe? Guizot tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ò fẹ́ ìjà, wọ́n pe Billecocq padà sílé ní 1846. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà kọ́ńsúlù, ẹ wá èsì tí mínísítà fún un. Tí èsì bá tutù, tàbí tí kò sí èsì rárá, ẹ ti mọ ohun tí Faransé fẹ́ gan-an nìyẹn.

Nígbà kan náà, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ìwé mínísítà kankan. Àwọn ọmọ boyar ń lọ kàwé ní Paris. Ion àti Dumitru Brătianu, C. A. Rosetti, Nicolae Bălcescu, àwọn ọmọ Golescu, wọ́n ń lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ àwọn òpìtàn Jules Michelet àti Edgar Quinet ní Collège de France, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Paris, wọ́n dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní 1845, Lamartine, akéwì tó tún jẹ́ olóṣèlú, dè gbà láti jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ ọ̀hún. Àwọn gan-an ló padà lọ ṣe rògbòdìyàn Wallachia ní June 1848. Lamartine ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè lọ́dún yẹn kan náà, ẹ ò rí nǹkan bí, síbẹ̀ nígbà tí ọmọ ogun Ọ́tómánì wọ Bucharest ní September, tí àwọn panápaná bá wọn jà ní Dealul Spirii, tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà náà dé lẹ́yìn wọn, Faransé ò gbé ìbọn kan. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá ka apá yìí. Àmọ́ ẹ fiyè sí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn ṣe lẹ́yìn náà: wọ́n sá padà sí Paris, wọn ò jókòó sunkún, wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n ń kọ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n ń wọ ilé àwọn èèyàn ńlá, títí kò fi sí ẹni tó ń ṣe òṣèlú ní Paris tí kò tíì gbọ́ orúkọ ilẹ̀ wọn. Quinet tiẹ̀ fẹ́ ọmọ ibẹ̀, Hermione Asachi láti Iași, ní 1852. Ẹ má fi iṣẹ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí sínú àlàyé kékeré nísàlẹ̀ ìwé, àárín ló yẹ kó wà.

1853 sí 1859: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ pẹ́ sí

Ká ní ẹ ò ní ààyè fún gbogbo ẹ̀, ẹ ka ọdún mẹ́fà yìí dáadáa, ó tó. Rọ́ṣíà wọ ilẹ̀ méjèèjì ní July 1853, ogun Crimea tẹ̀ lé e, Rọ́ṣíà kó ẹrù ẹ̀ jáde ní 1854, Ọ́síríà wọlé rọ́pò ẹ̀, wọn ò dè jáde títí di 1857. Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun. Wọ́n ṣe ìpàdé ńlá ní Paris láti February 1856, Walewski tó jẹ́ mínísítà Napoleon Kẹta ló ṣe alága (ọmọ Napoleon Kìíní ni lọ́dọ̀ obìnrin Póláǹdì kan), ní 8 March ló dìde tó ní kí wọ́n so Moldavia àti Wallachia pọ̀ di ọ̀kan.

Ẹ béèrè ìbéèrè wa. Ta ni wọ́n fẹ́ dí lọ́nà? Rọ́ṣíà ni, torí orílẹ̀-èdè kan tó dúró gírí lẹ́nu odò Danube á dáa ju ilẹ̀ kéékèèké méjì tó lè ṣubú lọ. Ọ́síríà náà wà níbẹ̀, Napoleon Kẹta ò fẹ́ kó jókòó lórí Danube. Èrò ọkàn tiẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó gbà tọkàntọkàn pé ó yẹ kí àwọn tó ń sọ èdè kan náà wà lábẹ́ ìjọba kan, bó ṣe fẹ́ ẹ fún Ítálì náà nìyẹn. Ọ́síríà àti Ọ́tómánì kọ̀ jálẹ̀. Ọ́síríà ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ará Ròmáníà tó wà ní Transylvania máa rò, Ọ́tómánì mọ̀ pé tí méjì bá di ọ̀kan, kò ní pẹ́ tí ọ̀kan yẹn á fi kúrò lábẹ́ òun. Àdéhùn 30 March 1856 wá sọ pé kí wọ́n lọ bi àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn, nípa àpéjọ tí wọ́n pè ní divan ad hoc. Ó tún dá apá gúúsù Bessarabia padà fún Moldavia, ó fi ọ̀rọ̀ odò Danube sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù.

Ìbò Moldavia ní July 1857 lẹ ti máa rí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe é. Nicolae Vogoride ni wọ́n fi ṣe adelé ọba níbẹ̀, Ọ́tómánì àti Ọ́síríà ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ló bá yọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ìṣọ̀kan kúrò nínú ìwé ìdìbò, màgòmágó ńlá gbáà. Victor Place ni kọ́ńsúlù Faransé ní Iași, ọkùnrin tó ti wú ààfin Khorsabad jáde nínú ilẹ̀ ní ìtòsí Mosul kó tó débẹ̀, òun ni àwọn tó fẹ́ ìṣọ̀kan ń sá bá, ó ń kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ańbásádọ̀ Thouvenel ní Istanbul. Èyí tó bá Vogoride lójijì jù ni pé lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe èrú ọ̀hún bọ́ síta, ìyàwó ẹ̀ gan-an, Cocuța Conachi, ló kó o fún àwọn tó fẹ́ ìṣọ̀kan, wọ́n dè tẹ̀ ẹ́ jáde. Faransé, Rọ́ṣíà, Prussia (ìjọba Jámánì kan) àti Sardinia (ìjọba Ítálì kan) gé àjọṣe wọn pẹ̀lú Ọ́tómánì nínú oṣù August. Ẹ ṣàkíyèsí Rọ́ṣíà tó ti wá sí ẹ̀gbẹ́ Faransé: ó fẹ́ fa Faransé kúrò lọ́dọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó dè fẹ́ gbẹ̀san lára Ọ́síríà.

Lẹ́yìn náà Napoleon Kẹta wọkọ̀ ojú omi lọ bá Queen Victoria ní Osborne, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀: wọ́n á wọ́gi lé ìbò yẹn, ṣùgbọ́n Faransé náà á fọwọ́ wọ́nú lórí ìṣọ̀kan tó pé pérépéré. Wọ́n tún ìbò dì ní September, àpéjọ méjèèjì dè sọ ní October pé ìṣọ̀kan làwọn fẹ́, lábẹ́ ọba tó máa wá láti ìdílé ọba kan ní Yúróòpù. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, àdéhùn Paris ti 19 August 1858 fún wọn ní ohun tí kò dùn tí kò korò: orúkọ kan, "United Principalities", ìgbìmọ̀ kan ní Focșani tó máa ṣe òfin tó kan àwọn méjèèjì, àmọ́ ọba méjì àti ilé aṣòfin méjì.

Ẹ wá ka àdéhùn yẹn fúnra yín, kì í gùn jù. Ẹ wá ibi tó ti sọ pé ẹnì kan ò lè jọba níbi méjèèjì. Kò sí. Àwọn ará Ròmáníà rí àlàfo yẹn, Iași dìbò yan Cuza ní 5/17 January 1859, Bucharest dìbò yan Cuza náà ní 24 January/5 February. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní Paris pé kí wọ́n ṣe é báyẹn, ọgbọ́n tiwọn ni. Iṣẹ́ Faransé ni pé, nígbà tí nǹkan ti bọ́ sórí, ó dúró tì wọ́n níbi ìpàdé Paris ní April, tó fi di pé wọ́n gba Cuza. Ọ́síríà ò ráyè jà mọ́, ogun Ítálì ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Fún èmi o, ibi tí gbogbo ìtàn yìí ti hàn kedere jù nìyí: àwọn ará ilẹ̀ náà ló ń ṣe nǹkan, Faransé ló ń fọwọ́ sí i lẹ́yìn, tí ó bá bá ire tiẹ̀ mu.

Láti Cuza títí dé 1880

Ẹ lè yára díẹ̀ níbí. Lábẹ́ Cuza, àwọn ọ̀gá ológun Faransé wá kọ́ àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ láti 1860, òfin Napoleon ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú òfin ìbágbépọ̀ wọn ti 1864. Súlútánì gba ìṣọ̀kan kíkún ní ìparí 1861, kìkì fún ìgbà ayé Cuza. Wọ́n lé e lọ ní February 1866. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí ni ọ̀rọ̀ ọba tuntun. Philip ti Flanders, àbúrò ọba Belgium, kọ̀ ọ́, wọ́n wá yíjú sí Karl ti Hohenzollern-Sigmaringen, ọmọ Jámánì. Kí ló dé tí Napoleon Kẹta ò fi kọ̀? Ẹ wo ìdílé ẹ̀: ìyá bàbá Karl jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Joachim Murat tó fẹ́ àbúrò Napoleon Kìíní, ìyá ìyá ẹ̀ jẹ́ Stéphanie de Beauharnais tí Napoleon Kìíní gbà ṣe ọmọ, ẹbí Bonaparte ló yí i ká. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n ń sọ ọ́ níkọ̀kọ̀ pé bóyá Ọ́síríà lè gba ilẹ̀ méjèèjì kó fi Venetia, ilẹ̀ Ítálì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, sílẹ̀ fún Ítálì. Ẹ ò rí i, Faransé tó ń ṣe bàbá ìsàlẹ̀ náà ló tún gbọ́ pé kí wọ́n fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, kò dè bínú. Karl fi orúkọ mìíràn wọ rélùwéè gba ilẹ̀ Ọ́síríà kọjá, ó wọ Bucharest ní 10/22 May 1866.

Nígbà tí Prussia ṣẹ́gun Faransé ní 1870 àti 1871, agbára Faransé níbẹ̀ rọ. Àwọn ará Bucharest fẹ́ràn Faransé síbẹ̀, ní March 1871 wọ́n tiẹ̀ lọ da àpèjẹ àwọn Jámánì rú nínú ìlú. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé Berlin ti 1878, Waddington tó ṣojú Faransé ló dúró lórí ẹ̀ pé wọn ò ní gba òmìnira Ròmáníà àfi tí wọ́n bá fún àwọn Júù ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú bí àwọn tó kù, Article 44 nìyẹn. Ó di February 1880 kí Faransé tó gbà wọ́n ní orílẹ̀-èdè olómìnira, lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Ní 1883 Karl yìí, tí wọ́n ń pè ní ọba Carol níbẹ̀, lọ bá Ọ́síríà-Húngárì ṣe àdéhùn ìkọ̀kọ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí ìwé

Ìwé mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Faransé wà ní La Courneuve nítòsí Paris, ti ọ́fíìsì kọ́ńsúlù àti ti ańbásádọ̀ wà ní Nantes. Ẹ má wá "Romania" níbẹ̀ fún ìgbà àtijọ́, abẹ́ "Turquie" lẹ máa rí wọn, torí Ọ́tómánì ló ni ilẹ̀ náà nínú ìwé. Ẹni tí kò lè rìnrìn àjò, àkójọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Hurmuzaki tẹ ọ̀pọ̀ lẹ́tà kọ́ńsúlù Faransé jáde ní èdè Faransé gan-an, Gallica, ìkànnì ilé ìkàwé ìjọba Faransé, náà dè ní ìwé ìròyìn àti ìwé kéékèèké ìgbà yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn dáńlóòdù ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń kà á, ẹ pín bébà sí mẹ́ta: ohun tí kọ́ńsúlù kọ, ohun tí mínísítà dá lóhùn, ohun tí àwọn ará ilẹ̀ náà ṣe gan-an lọ́sẹ̀ yẹn. Tí èdè Faransé yín ò bá tíì le, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Article 22 sí 27 nínú àdéhùn 1856, ó kúrú, ó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níbi púpọ̀, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí àdéhùn 1858.